Ẹni Tó Kéré Jù Ni Kó Kọ́kọ́ Dáhùn

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Kánádà, mo rí ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ẹni ogún ọdún lọ, ó pe ìyá ẹni àádọ́rin ọdún ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ ìkómọ, kò fi "Màmá" síwájú rẹ̀, kò fi nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó bá òun gbé tíì wá. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Wọ́n ní àìrìn jìnnà làìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo rìn jìnnà, mo rí i, n kò sì mọ ibi tí n ó gbé ojú mi sí.

Ibi iṣẹ́ mi nìyẹn, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá wa, Líndà lorúkọ rẹ̀, obìnrin olórí ewú tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí mi. Ó ní kí n máa pe òun ní Líndà. Mo ní ó dáa, Mà. Ó ní kì í ṣe Mà, Líndà ni. Mo ní mo ti gbọ́, Mà. Bí a ṣe ṣe é fún oṣù méjì nìyẹn kó tó gba kámú.

Tíṣà ni mí nílé. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama kan ní Isolo-Opin, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí, ìwé-ẹ̀rí mi wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi sì ń gé èékánná àwọn bàbá arúgbó. N kò sọ pé iṣẹ́ náà kò níyì. Ẹni tó bá ti wẹ ara fún ìyá ẹlòmíì rí mọ̀ pé ó níyì. Ohun tó ń dùn mí ni pé láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí ẹni tó ń bi mí ní ohun tí mo mọ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìlú náà tún wá ń bá mi jà. Ní Isolo-Opin, bí mo bá ń lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀, agbo ilé mọ́kànlá ni mo ní láti kí kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo sì máa ń pẹ́ nítorí ìkíni. Níbí, mo lè rìn lọ rìn bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí ẹni tó bi mí bóyá mo jí dáadáa. N kì í pẹ́ mọ́. Àkókò ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi.

*

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi lórí fóònù, ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Àwọn ọmọ rẹ í sùn lábẹ́ igi máńgòrò ní àkókò ìṣirò. Éè sí tíṣà." Kò sọ ọ́ láti fi bá mi wí, ṣùgbọ́n bí ó ṣe pè wọ́n ní ọmọ mi yẹn, mo gbé àwo oúnjẹ mi tì. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Ó ku ọdún kan péré kí wọ́n ṣe ìdánwò àṣejáde nígbà tí mo fi wọ́n sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi.

Mo pe ọ̀gá ilé-ìwé wa, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí kì í parọ́ tuni nínú. Mo ní n ó máa ká ẹ̀kọ́ sínú fídíò, n ó máa fi ránṣẹ́. Ó ní kí n gbìyànjú. Ó ní àwọn ọmọ lè máa pàdé ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án Sátidé, torí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń dára, sólà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè fi ṣáájì fóònù àwọn òbí wọn. Ó ní òun ti fi ẹnì kan kún wọn, Kọ́ńfọ́ọ̀tì, wọ́n ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo rò pé ọmọ kan tó pààrọ̀ ilé-ìwé wá láti Iloffa, ìlú ìtòsí wa, ni.

Fídíò àkọ́kọ́ mi gùn tó ogójì ìṣẹ́jú. Mo lẹ páálí funfun mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo kọ́ wọn títí ohùn mi fi há. Mo fi ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Àńtí, ó ti yé wa." Ogójì ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣirò ni mo ń kọ́ wọn, àwọn náà sì ṣe ìṣirò fún mi.

Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ará Filipíìnì, ló là mí lójú. Ọmọ rẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé lórí kọ̀ǹpútà. Mo wò ó lọ́jọ́ kan tí mo yà kí wọn: fídíò ọmọ náà ń lọ, ó kàn dúró lójijì bí ọkọ̀ tí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà dá dúró, ó sì bèèrè ìbéèrè. Bí ọmọ kò bá tẹ ìdáhùn tó tọ̀nà, kò ní lọ síwájú. Kò ṣeé sáré fò kọjá. Ẹni tó ṣe fídíò náà yóò sì rí orúkọ olúkúlùkù, ohun tó tẹ̀, àti iye ìgbà tó tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé tíì tí wọ́n gbé fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní Sátidé tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi ní aago méje àárọ̀, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ wọn ń yọ níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan, méjì, méje, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo jó yíká ilé ìdáná nínú ìbọ̀sẹ̀.

*

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo rí ohun tó yẹ kí n ti rí láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan lórí iṣu. Àgbẹ̀ kan ní ọgọ́rùn-ún iṣu, ó yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò. Ó tún wá ra iṣu tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó kù, ó fi kún un. Ṣé iṣu rẹ̀ ti pé ọgọ́rùn-ún? Kò pé. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ pé ó pé ọgọ́rùn-ún.

Mo yẹ ìyókù wò. Ibi tí ẹnì kan ti gbà á, gbogbo wọn ló gbà á. Ibi tí ẹnì kan ti ṣì í, gbogbo wọn ló ṣì í, irú àṣìṣe kan náà. Mo ti ṣe tíṣà pẹ́ ju kí n gbà pé orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè rò bákan náà.

Inú mi ru. Ọmọ Opin ni mí, inú wa kì í pẹ́ ru. Mo ká ohùn mi ránṣẹ́ sí wọn. Mo ní olè ni wọ́n, olè ìdáhùn. Mo ní ẹni tó bá ń wo ìwé ẹlòmíì yóò wò ó dọ́jọ́ ogbó. Mo ní mo ń jí ní ìdájí nínú yìnyín nítorí wọn, wọ́n wá ń fi mí ṣeré. Ọjọ́ méjì ni kò sí ẹni tó fèsì. Lẹ́yìn náà, Yétúndé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó kéré jù nínú wọn, kọ̀wé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Àńtí."

Ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní mọ́ọ̀kì, ìdánwò ìgbáradì tó ṣáájú àṣejáde, ku ọ̀sẹ̀ méje. Ó ní ẹni tí kò bá gba àádọ́ta nínú ìṣirò, òun kò ní fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde lọ́dún yìí, kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Mo mọ ohun tí ìdúró ọdún kan máa ń fà lọ́dọ̀ wa. Ọmọbìnrin á lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ọmọkùnrin á bá bàbá rẹ̀ lọ sóko tàbí kó wọkọ̀ lọ Ilorin, ìwé á sì parí síbẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ọrùn mi ló wà.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo pinnu pé n ó pè wọ́n lórí fídíò ní Sátidé, kí n rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

*

Yétúndé ló gbé fóònù. Mo ní kó yí i ká díẹ̀díẹ̀, kó má sọ̀rọ̀, kí wọ́n kàn máa bá ẹ̀kọ́ wọn lọ. Ó yí i. Mo rí bẹ́ńṣì mẹ́ta, mo rí àwọn ọmọ mi, wọ́n ti ga. Lẹ́yìn náà mo rí ìyá kan ní bẹ́ńṣì iwájú, ní ìkángun tí àgbà máa ń jókòó sí, gèlè lórí, awò lójú, ó gbé fóònù dání bíi Bíbélì. Fídíò dúró, ìbéèrè yọ. Ìyá náà kà á sókè, ó rò ó díẹ̀, ó ní, "B nì yí." Gbogbo yàrá náà tẹ B.

Kọ́ńfọ́ọ̀tì nìyẹn.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Méséńjà ni ní ọ́fíìsì kánsù, ó ti ń gbé fáìlì fún àwọn ẹlòmíì láti ọdún méjìlélógún, ìṣirò nìkan ni kò sí nínú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tí wọn kò fi gbé e ga. Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ó ní òun kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ ní agbéfáìlì, ló bá lọ bẹ Ọ̀gá kó jẹ́ kí òun bá àwọn ọmọ kẹ́kọ̀ọ́.

Ohùn tí mo ká ránṣẹ́ yẹn wá sí mi lọ́kàn. Olè ìdáhùn. Ìyá tó lè bí mi. Mo kúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná mi ní Kánádà, níwájú fóònù tí mo fi ti ìkòkò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. N kò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí awò rẹ̀ fi yọ̀. Ó ní kí n dìde, pé òun gbọ́ èébú náà, ó dùn, ó rán òun létí tíṣà òun ayé ìgbà kan. Ṣùgbọ́n mo bi àwọn ọmọ pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi. Yétúndé ló là á mọ́lẹ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ fóònù. Ìbéèrè iṣu yẹn ni. Ó ti ṣe é síbẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ti fa ìlà sábẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

"Àńtí, Màmá ti sọ pé ó pé ọgọ́rùn-ún. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tẹ nǹkan míì lójú wọn?"

Bí a ṣe tọ́ mi náà nìyẹn. Bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àwọn tó ṣe irinṣẹ́ fídíò yìí rò pé bí ìbéèrè bá ti dé ọwọ́ ọmọ, ìdáhùn tirẹ̀ ni yóò tẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé níbi kan, ọmọ lè mọ ìdáhùn dájú kó sì tẹ ti ẹlòmíì, kì í ṣe nítorí olè, nítorí ọ̀wọ̀ ni.

Ohun tí mo ń rò láti sọ ni pé kí Màmá máa dá ṣe tirẹ̀ nílé. Mo ń wá bí n ó ṣe sọ ọ́ tí kò ní dàbí ìléjáde, òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Éè ṣe ẹjọ́ àn, Tíṣà. Èmi ni mo jókòó síbi àgbà, mo sì í sọ̀rọ̀ bí àgbà. Bí an bá í ṣe ìpàdé ní ulé wa, ṣebí àbúrò ni í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Kábíyèsí ni í sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bí ọba bá ti sọ̀rọ̀, ta ni ó tún lanu?"

Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ jókòó sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ní láti òní lọ, ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ dáhùn, òun á tẹ tòun kẹ́yìn, òun á sì pa ẹnu mọ́. Ó ní kí wọ́n gbé Yétúndé lọ síwájú.

*

Mo ronú kan ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tí n kò fẹ́ gbà ni pé èmi náà ń tẹ ìdáhùn àgbà láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí.

Bàbá kan wà nílé ìtọ́jú wa tó ti ń kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Láràárọ̀, nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru bá ń fi iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́, Líndà á ní ìbànújẹ́ ni, ìyàwó rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá. Gbogbo wa á mi orí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń fọ ẹnu bàbá náà. Mo ti rí i pé ehín àtọwọ́dá rẹ̀ kò bá a mu mọ́, ó ti dá egbò sí i nínú. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń mi orí. Mo ní nínú ọkàn mi pé Líndà jù mí lọ, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, bóyá òun náà ti rí i. Ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: àlejò ni mí, ta ló bi mí?

Ní Túsìdeè lẹ́yìn ìpè yẹn, mo gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n wò mí, torí kò sẹ́ni tó ń gbé ọwọ́ sókè níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. N kò rò pé ìbànújẹ́ nìkan ni. Ẹnu ló ń dùn ún." Líndà dìde, ó lọ wò ó. Nígbà tó padà dé, ó ní mo gbà á. Ó ní láti ìsinsìnyí, òun fẹ́ gbọ́ ti ẹni tó ń fọ ẹnu kí òun tó sọ tòun. Lọ́jọ́ Furaidé, bàbá náà jẹ ọ̀dùnkún. Mo rìn lọ sí ibùdókọ̀ lọ́jọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ n kò rò pé yíyá ni wọ́n yá mi ní àyè tí mo dúró sí.

*

Ìdáhùn àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí yàtọ̀. Sátidé àkọ́kọ́, mẹ́jọ gbà á, méje ṣì í, àwọn méje náà kò sì ṣì í bákan náà. Mi ò rò pé tíṣà kan ti yọ̀ báyẹn rí nítorí pé ọmọ ń kùnà. Ṣé ẹ rí i, bí gbogbo wọn bá ṣi nǹkan bákan náà, n kò mọ ẹni tí mo ń kọ́. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé ìdá ló ń yọ ẹnì kan lẹ́nu, ẹlòmíì kì í ka ìbéèrè parí, Màmá fúnra rẹ̀ sì ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣe fídíò kéékèèké fún olúkúlùkù, ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin. Màmá ní tòun ni kó kúrú jù, torí fáìlì ń dúró de òun.

Fídíò tó kẹ́yìn kí mọ́ọ̀kì tó dé, Tọ́sìdeè ni mo fi ránṣẹ́, mọ́ọ̀kì di Mọ́ńdè. Lórí táǹkì omi róbótó ni: bí táǹkì bá fẹ̀ tó báyìí láti etí kan dé èkejì, tó sì ga tó báyìí, omi mélòó ni yóò gbà? Wọ́n ti ń pàdé ní gbọ̀ngàn lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn; lálẹ́ Furaidé wọn, mo wo orúkọ. Mẹ́rìnlá ti wò ó parí. Yétúndé dúró lójú ìbéèrè táǹkì, ìdáhùn A ló tẹ̀, wọ́n ní kò tọ̀nà, ó tún tẹ A. Ìgbà mẹ́fà ló tẹ A.

Ọmọ tí mo gbọ́kàn lé jù. Mo pè é, mo ní kí ló dé, kí ló há ọ lọ́rùn níbẹ̀? Mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn rẹ̀, pé kó sọ ọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi ṣe é.

"Àńtí, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ ṣì í. Ẹ ò pín ìbú rẹ̀ sí méjì."

Mo fa páálí mi jáde. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Òótọ́ ni. Mo ti lo gbogbo ìbú táǹkì náà níbi tó yẹ kí n ti lo ìdajì, táǹkì mi ti di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù, Màmá pẹ̀lú, ti tẹ̀ ẹ́ káàkiri títí wọ́n fi bá àṣìṣe mi pàdé, wọ́n sì kọjá lọ, torí tíṣà ni mí. Òun nìkan ló jókòó síbẹ̀ láti ọ̀sán, kò kọjá.

Mo sọ fún un pé ó gbà á, pé èmi ni mo ṣì í. Mo tún fídíò náà ṣe kí n tó sùn, mo sì sọ nínú rẹ̀ ẹni tó kọ́ mi.

Ọ̀gá pè ní Tọ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni níbi iṣẹ́ mi. Gbogbo wọn ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ka máàkì wọn láti orí Màmá, gẹ́gẹ́ bí àgbà, Màmá ní rárá, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù. Yétúndé gba mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ó ń kà á bọ̀. Ọmọkùnrin méjì ni kò gba àádọ́ta, Ọ̀gá ní òun á jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kí òun tó fi orúkọ ránṣẹ́, kí n mú wọn lọ́tọ̀. Ó dé orí Màmá, ó dúró, ó nu awò rẹ̀, mo sì fẹ́ẹ̀ lè jágbe mọ́ ọn. Mọ́kànléláàádọ́ta.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bú sẹ́kún níbẹ̀, nínú yàrá ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́. Líndà fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ti rí àwa àlejò tó gba ìpè láti ilé rí. Ó rọra bi mí pé ta ló kú.

Mo ní, "Rárá, Líndà. Wọ́n yege ni."